Kílọ́ọ̀ṣì tí kò já lẹ́yìn tí wọ́n gbé gíàbọ́ọ̀sì padà: ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó tún un tú

Ìbéèrè: Mo sọ gíàbọ́ọ̀sì ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kalẹ̀ láti pààrọ̀ bẹ́árìn inú rẹ̀. Nígbà tí ibẹ̀ sì ti ṣí sílẹ̀, mo kúkú fi díìsì kílọ́ọ̀ṣì àti pírẹ́ṣọ̀ pléètì tuntun sí i. Mo ti gbé gbogbo rẹ̀ padà báyìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, gbogbo gíà ló ń wọlé wẹ́rẹ́. Bí mo bá ti ṣáná sí i, kò sí èyí tó ń gbà, rìfáàsì sì ń lọ̀ gàràgàrà. Ọ́ìlì ló ń ti kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo sì ti tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kí n tún gíàbọ́ọ̀sì náà sọ̀ kalẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Àlàyé tí ẹ ṣe yìí ti yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Gíà tó ń wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tó wá kọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹjọ́ kílọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ ti tẹ pẹ́dà kanlẹ̀, síbẹ̀ díìsì kò jáwọ́ tán lára fàláwíìlì (irin ribiti tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, tí pírẹ́ṣọ̀ pléètì ń tẹ díìsì mọ́), ọ̀pá iwájú gíàbọ́ọ̀sì sì ń bá ẹ́ńjìnnì yí lọ. Ká ní gíà ò wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú náà ni, ọ̀dọ̀ lefà gíà àti àwọn irin tó so ó mọ́ gíàbọ́ọ̀sì ni ǹ bá darí yín sí.

Kó lè dá yín lójú, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí gíà wà ní fírì, kí ẹ tẹ pẹ́dà kanlẹ̀, kí ẹ rọra ka oókan dé ẹẹ́wàá láìgbé ẹsẹ̀, kí ẹ tó fi sí rìfáàsì. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá já dáadáa, ọ̀pá iwájú á ti dúró kí ẹ tó kà á tán. Bí rìfáàsì bá ṣì ń lọ̀, ohun kan ṣì ń yí i. Rìfáàsì ni mo ní kí ẹ lò nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ gíàbọ́ọ̀sì àtijọ́, kò ní irin tó ń mú eyín méjèèjì bára dọ́gba kí wọ́n tó wọ ara wọn, kò sì lè bo àṣírí kílọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ yìí máa tan ènìyàn ni pé àlàfo inú rẹ̀ kéré ju bí ẹsẹ̀ ṣe ń rò ó lọ. Ẹsẹ̀ yín lè rin bíi mìlímítà 140 lórí pẹ́dà. Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíàbọ́ọ̀sì, ọ̀pá tó jáde lẹ́nu lower (sìlíńdà ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń tì; èyí tí pẹ́dà ń tì lókè ni upper) kì í sábà rìn ju mìlímítà 12 sí 15 lọ. Fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin tí ọ̀pá náà ń tì láti fi sún bẹ́árìn kílọ́ọ̀ṣì, á tún gé e kù, bẹ́árìn náà á rin bíi mìlímítà 8, pírẹ́ṣọ̀ pléètì á wá gbéra kúrò lára díìsì ní bíi mìlímítà kan àbọ̀ sí méjì péré. Àlàfo kékeré yẹn náà ni iwájú díìsì àti ẹ̀yìn rẹ̀ máa pín. Kò ju mìlímítà kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan! Díìsì tó bá wọ́ ní mìlímítà kan ti jẹ ẹ́ tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni mìlímítà 1 tó bá sọnù lẹ́nu ọ̀pá lower ti tó bíi mìlímítà 10 lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Nítorí náà, rúlà ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Sípánà á dúró ná.

Ẹ wá ẹnì kan tí yóò máa tẹ pẹ́dà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi òkúta tàbí igi há táyà, bí ẹ bá sì ní láti wọ abẹ́ ọkọ̀, kó wà lórí ìdúró irin tó lágbára. Jáàkì nìkan ò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí ọ̀pá lower ti kan fọ́ọ̀kì, ẹ gbé rúlà tì í, kí ẹnì kejì tẹ pẹ́dà kanlẹ̀ kó sì dì í mú. Ẹ kọ iye tó rìn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kó tẹ̀ ẹ́ léraléra lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó dì í mú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Kó ṣì dì í mú fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ wo bóyá ọ̀pá náà ń rọra padà sẹ́yìn.

Ìdáhùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Bí ó bá rìn kéré, tó wá gùn sí i lẹ́yìn títẹ̀ léraléra, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, tàbí pẹ́dà ti fi ìrìn rẹ̀ ṣòfò kó tó kan upper. Bí ó bá rìn dáadáa, tó wá ń padà sẹ́yìn nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lórí pẹ́dà, rọ́bà inú upper ti ń jẹ́ kí ọ́ìlì sá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, bí kò bá sí ibi tó ń jò síta. Bí ó bá rìn mìlímítà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì dúró gbọn-in, apá òde ti mọ́, inú ni ọ̀ràn wà.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yẹn, ẹ ní ẹ ti tú u lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣeé ṣe kí ẹ tú u lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó má jáde bí lower bá dorí kodò. Nípù tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà lókè, kí ẹnu páìpù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lower míì ṣeé dè ní ọ̀nà méjèèjì, bóòtù á wọlé, kò sí ohun tí yóò fi hàn pé ó ti dojú dé, afẹ́fẹ́ á kàn kóra jọ sókè níbi tí nípù ò dé. Ọ̀nà kejì tí afẹ́fẹ́ fi ń wọlé ni pé nígbà tí gíàbọ́ọ̀sì wà nílẹ̀, wọ́n á fi okùn so lower kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnì kan á sì gbàgbé, á tẹ pẹ́dà. Písítìnì á sún jáde, rọ́bà rẹ̀ á fa afẹ́fẹ́ mu tàbí kó yí po.

Bí ó ṣe máa ń yanjú nìyí. Ẹ tú lower kúrò lójú àyè rẹ̀ láìyọ páìpù. Ẹ gbé e dání kí nípù ga ju gbogbo ibi tó kù lọ, ẹ sì fi ọwọ́ ti ọ̀pá rẹ̀ wọlé tán, kó má bàa sí ihò tí afẹ́fẹ́ lè sá pamọ́ sí. Ẹ de igi tàbí wáyà mọ́ ọn kó má baà jáde. Ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín bọ nípù, kí ẹnu rọ́bà kejì rì sínú ọ́ìlì búréèkì nínú ìgò. Kí ẹnì kejì rọra tẹ pẹ́dà, ẹ tú nípù ní ìdajì yíyípo, ẹ dì í kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ike ọ́ìlì òkè gbẹ láé. Tí ó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan, ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ padà sí. Ohun tí ìdérí ike náà bá kọ ni kí ẹ lò, DOT 3 tàbí DOT 4 ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ kán sí i: á jẹ́ kí rọ́bà inú upper àti lower wú, ọ̀rọ̀ á sì di ríra méjèèjì.

Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ mọ́ tí ìrìn náà ò sì pé, ẹ gòkè lọ sí ọ̀dọ̀ pẹ́dà. Ẹ wo píìnì tó so pẹ́dà mọ́ ọ̀pá upper. Nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́ báyìí, ihò rẹ̀ á ti di ẹyin, píìnì náà á sì ti jẹ sínú lápá kan. Mìlímítà 2 tó bá jẹ níbẹ̀ lè gba mìlímítà 10 lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Ẹ wo bóyá irin tó gbé pẹ́dà dúró ti sán, kí ẹ sì di rọ́bà tó lọ sọ́dọ̀ lower mú nígbà tí ẹlòmíì ń tẹ pẹ́dà: bí ó bá ń wú lọ́wọ́ yín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún: fífa ọ̀pá upper tàbí ọ̀pá lower gùn títí gíà á fi wọlé. Gíà á wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá upper kò bá ní àlàfo kankan, písítìnì inú rẹ̀ ò ní padà dé ibi tí ọ́ìlì ti ń rí ọ̀nà padà sínú ike. Bí ọ́ìlì bá gbóná, á wú, kò níbi tí yóò gbà, á máa ti bẹ́árìn fúnra rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, á sì jóná. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtúnṣe Toyota, àlàfo ọ̀pá upper jẹ́ mìlímítà 1 sí 5 tí a bá wọ̀n ọ́n lórí pẹ́dà, àpapọ̀ ìrìn òfìfo pẹ́dà sì jẹ́ mìlímítà 5 sí 15. Bí ìwé ọkọ̀ tiyín bá wà, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ó wá kan inú. Kí ẹ tó tú bóòtù kankan, ẹ ká rọ́bà tó bo ihò fọ́ọ̀kì, ẹ tan iná sí i. Ẹ fi ọwọ́ mi fọ́ọ̀kì. Ó yẹ kó rìn díẹ̀, mìlímítà 2 sí 3, kó wá kan ìka sípíríǹgì pírẹ́ṣọ̀ pléètì gbàgà. Bí ó bá ń mì fìrìfìrì sí gbogbo ọ̀nà, ó ti já kúrò lórí bọ́ọ̀lù irin tó jókòó lé. Bí ó bá ń rìn lọ láìkan nǹkan kan, bẹ́árìn ti bọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀, tàbí ẹ ti fi bẹ́árìn tó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí i.

Bí fọ́ọ̀kì bá dáa, ẹ gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì kúrò nílẹ̀ sórí ìdúró irin, ẹ há táyà iwájú. Ẹ́ńjìnnì kú, gíà kẹrin, kí ẹnì kejì tẹ pẹ́dà kanlẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí pùrópẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ti ẹ̀yìn gíàbọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ táyà ẹ̀yìn. Bí ó bá yí, kílọ́ọ̀ṣì ń já. Bí kò bá yí rárá, tí ìrìn ọ̀pá lower sì pé, nígbà náà ni gíàbọ́ọ̀sì máa sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́.

Bí ọkọ̀ náà bá ti dúró fún oṣù mélòó kan kí ẹ tó parí iṣẹ́, ìpẹtà lè ti so díìsì mọ́ fàláwíìlì. Ẹ kọ́kọ́ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ kí ẹ fi igi há a mọ́jú, kí ẹ sì tún fi ọwọ́ dán pùrópẹ́là wò. Nígbà míì ìyẹn náà ti tó.

Lára ohun tí ẹ lè bá nínú rẹ̀, méjì ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Èkíní ni díìsì tó dojú kọ ibi tí kò yẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, apá tí àárín rẹ̀ àti àwọn sípíríǹgì rẹ̀ yọ síta ló máa ń kọjú sí gíàbọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá yí i, àárín rẹ̀ á máa gbá orí bóòtù fàláwíìlì, kò sì ní já láéláé. Wọ́n máa ń tẹ ọ̀rọ̀ sí i lára, ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa: òmíràn kọ ọ́ pé apá yìí ni ti fàláwíìlì, àwọn kan tó ti Jámánì wá sì kọ Getriebeseite, tó túmọ̀ sí apá gíàbọ́ọ̀sì. Ìdánwò ọwọ́ ló dájú jù. Ẹ gbé díìsì nìkan lé fàláwíìlì, ẹ fi ìka yí i. Ó gbọ́dọ̀ jókòó pẹrẹsẹ láìjìn, láìfọwọ́ kan bóòtù.

Èkejì ni díìsì tó wọ́, òun ni mo sì fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ tiyín. Gíàbọ́ọ̀sì ọkọ̀ akẹ́rù kékeré lè tó kílò 40. Bí ọ̀pá iwájú bá ti wọ ihò àárín díìsì, tí apá ẹni tó gbé e wá rẹ̀, tàbí tí jáàkì lọ sílẹ̀ díẹ̀, gbogbo ẹrù yẹn rọ̀ mọ́ àárín díìsì nìyẹn. Irin pẹlẹbẹ tó gbé àárín yẹn dúró tínrín. Yíyí ni wọ́n ṣe é fún, kò lè gbé ẹrù. Á wọ́ díẹ̀, ojú ò ní rí i. Ẹ bi ara yín: nígbà tó ku bíi mìlímítà 10 kí ẹnu gíàbọ́ọ̀sì lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ṣé ọwọ́ lẹ fi tì í wọlé, àbí bóòtù lẹ fi fà á? Bí ó bá jẹ́ bóòtù lẹ fi fà á, ẹ múra láti rí díìsì tó wọ́, tàbí páílọ́ọ̀tì (bẹ́árìn kékeré ìdí kíráńkì) tó fọ́, tàbí etí gíàbọ́ọ̀sì tó sán. Mìlímítà 0.8 ni ọ̀pọ̀ ìwé àtúnṣe fi ṣe òpin bí díìsì ṣe lè mì tó nígbà tó bá ń yí, mìlímítà 0.1 sì ni ti fàláwíìlì.

Páílọ́ọ̀tì, ìyẹn bẹ́árìn tàbí búùṣì kékeré tó wà ní ìdí kíráńkì tí orí ọ̀pá iwájú ń wọ̀, lè di ọ̀pá náà mú tó fi jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì já tán, síbẹ̀ kíráńkì ṣì ń wọ́ gíàbọ́ọ̀sì yí. Bí ó bá jẹ́ búùṣì idẹ tó ń mu ọ́ìlì, ẹ rì í sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́jú kí ẹ tó gbá a wọlé. Gírísì ò wúlò fún un, ńṣe ló ń dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà jáde. Ẹ dán ọ̀pá wò nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé gíàbọ́ọ̀sì: kó yí fàlàlà láìmì.

Ẹ tún gbé ti àtijọ́ àti ti tuntun sórí tábìlì tó tẹ́jú. Ẹ fi fífẹ̀ wọn wé ara wọn, ẹ ka eyín inú díìsì méjèèjì, ẹ wọn gíga ìka sípíríǹgì láti ojú tí bóòtù ń wọ̀, ẹ wọn gígùn bẹ́árìn. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ páálí gbọ́. Bí wọ́n bá sì ti fá ojú fàláwíìlì, ìyẹn náà ti sún kílọ́ọ̀ṣì síwájú, fọ́ọ̀kì á ní láti rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ó bá wá di dandan kó sọ̀ kalẹ̀, eruku inú ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún. Díìsì ọkọ̀ àtijọ́ lè ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fẹ́ ẹ pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Ẹ fi omi rin ín, ẹ fi àkísà tútù nù ún, ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá kí ẹ sì dà á nù.

Ẹ fi irin ìtọ́nà tàbí ọ̀pá gíàbọ́ọ̀sì àlòkù gbé díìsì sí àárín gbùngbùn. Ẹ di bóòtù pírẹ́ṣọ̀ pléètì ní àgbélébùú, yíyí kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan títí yóò fi jókòó. 19 sí 25 Nm (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń di bóòtù) ni ọ̀pọ̀ bóòtù M8 ibẹ̀ ń gbà. Ẹni tó bá di ẹgbẹ́ kan tán kó tó bọ́ sí ìkejì ti wọ́ ọ lọ́jọ́ tó rà á. Fún eyín ọ̀pá iwájú, gírísì tó le, tí kò ní fọ́n, tó tínrín bí awọ àlùbọ́sà ló tó. Ẹ ti díìsì wọ ọ̀pá náà, ẹ fà á jáde, ẹ sì nu gbogbo èyí tó kóra jọ sẹ́nu kúrò. Èyí tó bá ṣẹ́kù á fọ́n sójú díìsì, ìyọ̀ àti gbígbọ̀n á sì tẹ̀ lé e.

Ọgbọ́n kan tó ń gba díìsì là: ẹ ra bóòtù gígùn méjì tó bá ihò ẹ́ńjìnnì mu, ẹ gé orí wọn, ẹ yí wọn sínú ihò òkè méjì. Àwọn ló máa gbé ẹrù gíàbọ́ọ̀sì bí ó ti ń wọlé, díìsì á sinmi. Ẹ fi gíàbọ́ọ̀sì sí gíà kẹrin, kí ẹ máa rọra yí ẹ̀yìn rẹ̀ títí eyín á fi bára mu. Á wọlé fúnra rẹ̀ títí á fi lẹ̀ mọ́ píìnì atọ́nà. Bí àlàfo bá ṣì kù, ẹ fà á sẹ́yìn kí ẹ wo ohun tó dí i.

Bí ó bá wá ń yọ̀ lẹ́yìn náà, ẹ wo àlàfo pẹ́dà, lẹ́yìn náà ẹ gbóòórùn ibẹ̀: ọ́ìlì gíàbọ́ọ̀sì máa ń rùn bí imí ọjọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í rùn bẹ́ẹ̀, èyí á sì fi síìlì tó ń jò hàn yín. Bí ó bá ń gbọ̀n jìgìjìgì nígbà tí ẹ ń gbéra, ẹ wo rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì àti gíàbọ́ọ̀sì jókòó lé kí ẹ tó dá díìsì lẹ́bi. (Fún àwọn tó ń lo Volkswagen Ìjàpá: páìpù rírọ̀ tí kébùlù kílọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọdọrọ ní bíi mìlímítà 25 sí 45. Bí ó bá nà tọ́, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan lára díìsì.) Ariwo tó dákẹ́ nígbà tí ẹ tẹ pẹ́dà, bẹ́árìn ọ̀pá iwájú gíàbọ́ọ̀sì ni. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ kan pẹ́dà, bẹ́árìn kílọ́ọ̀ṣì ni. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí pẹ́dà kanlẹ̀ nìkan ló ń dún, páílọ́ọ̀tì ni kí ẹ wò.

Kí ẹ tó ṣáná sí i, ẹ wá wáyà tó so ẹ́ńjìnnì tàbí gíàbọ́ọ̀sì mọ́ bọ́dì ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní earth. Abẹ́ ọ̀kan lára bóòtù gíàbọ́ọ̀sì ló sábà máa ń wà, òun ni wọ́n sì ń gbàgbé jù. Bí kò bá sí níbẹ̀, iná sítátà á wá ọ̀nà mìíràn gbà, nínú ọkọ̀ tó ń lo kébùlù sì rèé, kébùlù kílọ́ọ̀ṣì ló máa ń gbà. Á gbóná, ike inú rẹ̀ á yọ́, pẹ́dà á sì le bí òkúta láàárín ọjọ́ díẹ̀.